"Ọ́ìlì bíréèkì" kì í ṣe ọ́ìlì: Bí ẹ ṣe lè mọ flúìdì tó bá bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ yín mu

Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ akérò kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹfọ̀n-Aláayè lọ́sàn-án gangan. Èrò kún inú rẹ̀, ẹrù wà lẹ́yìn, kọ́nà ń tẹ̀lé kọ́nà. Dírẹ́bà kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Nígbà tó máa fi tó kọ́nà kẹrin, ó tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì wọlé bí ẹni tó tẹ fóòmù. Páìpù kankan kò bẹ́, nǹkan kan kò jò, páàdì náà sì wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé flúìdì tó wà nínú bíréèkì ọkọ̀ náà ti hó.

"Bíréèkì ló já." Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ nìyẹn nígbàkigbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, náà ka bíréèkì tó kọ iṣẹ́ mọ́ àwọn ohun tó ń fa ìjàm̀bá ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í bi ara wọn: kí ló wà nínú ike kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn? Ta ló rọ ọ́ síbẹ̀? Ìgbà wo ló rọ ọ́? Irú èwo ló sì jẹ́?

Owó flúìdì yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà tàbí bátìrì. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn kò fi kà á sí. Àlàyé nípa bí ẹ ṣe lè mọ èyí tó yẹ ọkọ̀ yín, àti ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà sí i, rèé.

Kí ni bíréèkì flúìdì ń ṣe gan-an?

Ẹ mú sírínjì méjì, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so ẹnu wọn pọ̀, kí omi kún inú rẹ̀ bámúbámú láìsí afẹ́fẹ́ kankan. Bí ẹ bá ti ìdí ọ̀kan wọlé, ìdí èkejì á yọ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí bíréèkì ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ti písítìn kan nínú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní master cylinder. Písítìn yẹn á ti flúìdì, flúìdì á gba inú páìpù lọ sí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, á sì ti páàdì kó lè fún dísìkì mọ́ra.

Blaise Pascal, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ti ṣàlàyé òfin yìí láti nǹkan bí irinwó ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn: bí a bá ti omi tó wà nínú ohun tí a dé pa, agbára náà á dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ bákan náà. Nígbà tó di ọdún 1921, ọkọ̀ Duesenberg Model A jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú bíréèkì tó ń lo òfin yìí ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti ìgbà náà, òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ kéékèèké ń lò káàkiri àgbáyé. Àwọn tirela àti ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá yàtọ̀ ní tiwọn, nítorí afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ti bíréèkì.

Ó dáa, bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rọ́bà tó so sírínjì méjèèjì pọ̀ yẹn ńkọ́? Ẹ máa ti ti àkọ́kọ́ títí, afẹ́fẹ́ á kàn máa fún pọ̀ ni, ti èkejì kò ní mira bó ṣe yẹ. Omi kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bulíìdì bíréèkì, ìyẹn ni pé kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni bíréèkì flúìdì gbọ́dọ̀ ṣe. Kò gbọ́dọ̀ fún pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ba rọ́bà inú bíréèkì jẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ tètè hó bí bíréèkì bá gbóná. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lórí yíyan flúìdì wà lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Orúkọ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà

Ní gáréèjì, ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ní ilé epo, "ọ́ìlì bíréèkì" tàbí "brake oil" ni gbogbo ayé ń pè é. Orúkọ yẹn ló mú kí àwọn kan gbà pé ọ́ìlì ni ọ́ìlì ń jẹ́. Bí bíréèkì bá lọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, tí kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí òótọ́ rẹ̀ rà, wọ́n á bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i. Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń lò fún jíà ọ̀tọmátíìkì àti power steering ni wọ́n á dà síbẹ̀. "Kí a ṣáà fi dé ilé" ni wọ́n á wí.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ọ́ìlì nínú ojúlówó bíréèkì flúìdì tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glycol ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn rọ́bà tó wà nínú master cylinder, nínú kálípà, nínú wheel cylinder àti nínú hóòsì bíréèkì, kẹ́míkà yẹn ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn.

Inú epo rọ̀bì ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì jíà àti ọ́ìlì power steering ti sábà máa ń wá ní tiwọn. Bí wọ́n bá kan rọ́bà bíréèkì, rọ́bà náà á mu wọ́n, á wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú omi mọ́jú, á sì dẹ̀. Kì í sábà hàn lọ́jọ́ tí wọ́n dà á. Ọkọ̀ á délé. Awakọ̀ á ní àwọn mẹkáníìkì kàn ń dẹ́rù bani ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà tó ti wú inú master cylinder á dí ihò kékeré tí flúìdì máa ń gbà padà sínú ike. Bíréèkì á wá máa dì mú, kò ní fẹ́ tú sílẹ̀. Ọkọ̀ á wúwo, àgbá táyà á gbóná, èèyàn á máa gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Bó bá yá, rọ́bà tó ti dẹ̀ kò ní lè dá flúìdì dúró mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí jò, pẹ́dàlì á sì lọ bá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò dìgbà tó bá pọ̀. Fúnẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí wọn kò fọ̀ kí wọ́n tó fi rọ bíréèkì flúìdì, lè kó bá rọ́bà. Bákan náà ni omi lásán tàbí omi ọṣẹ tí àwọn mìíràn máa ń dà sí i. Omi máa ń dípẹtà sí irin inú bíréèkì, bó bá sì ti tó 100°C, ó hó nìyẹn.

Kí ni DOT 3, DOT 4, DOT 5 àti DOT 5.1 túmọ̀ sí?

DOT ni orúkọ ìkékúrú iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìrìnnà. Àwọn ló gbé òfin kalẹ̀ lórí bí bíréèkì flúìdì ṣe gbọ́dọ̀ rí, gbogbo ayé sì ti ń lo nọ́ńbà náà. Ohun pàtàkì tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni bí flúìdì náà ṣe lè fara da ooru tó.

Ìwọ̀n méjì ni wọ́n máa ń wò. Èkíní ni ìwọ̀n ooru tí flúìdì tuntun, tí omi kò tíì wọ̀, fi máa hó. Èkejì ni ìwọ̀n tó fi máa hó lẹ́yìn tó bá ti fa omi díẹ̀ mọ́ra, nǹkan bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí òfin náà ṣe là á kalẹ̀ rèé. Kò gbọ́dọ̀ kéré sí èyí:

• DOT 3: bó bá jẹ́ tuntun, 205°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, 140°C.
• DOT 4: bó bá jẹ́ tuntun, 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, 155°C.
• DOT 5.1: bó bá jẹ́ tuntun, 260°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, 180°C.
• DOT 5: ìwọ̀n tirẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti DOT 5.1, ṣùgbọ́n ohun mìíràn pátápátá ni.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹbí kan náà ni DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1, gbogbo wọn ló jẹ́ ọmọ glycol. Àwọ̀ wọn kì í pọ̀ ju omi tó mọ́ gaara tàbí oyin fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. DOT 5 kì í ṣe ẹbí wọn rárá. Sílíkónì ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ àlùkò ni wọ́n sì máa ń pa á láró kí èèyàn lè dá a mọ̀. Ẹni tó bá rò pé DOT 5 àti DOT 5.1 jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tó sì ra ọ̀kan dípò èkejì, ti gbé àjèjì wọ ilé.

Àwọn ọkọ̀ ológun Amẹ́ríkà ti lo DOT 5, àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n gbé pamọ́ fún ẹ̀ṣọ́ náà máa ń lò ó. Ṣùgbọ́n kò bá ọkọ̀ tó ní ABS mu, bẹ́ẹ̀ ABS ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé báyìí. Bí wọn kò bá kọ DOT 5 sí ara ọkọ̀ yín, ẹ má rà á.

Ṣé èèyàn lè pò wọ́n pọ̀?

Bó bá jẹ́ DOT 3 ni iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín kọ, DOT 4 lè wọ inú rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò sì ní ba rọ́bà jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ DOT 4 ni wọ́n kọ, ẹ má fi DOT 3 rọ́pò rẹ̀, nítorí ẹ ti dín ooru tó lè fara dà kù nìyẹn. Èèyàn lè máa gòkè lọ sí nọ́ńbà tó ga jù láàárín ẹbí glycol, kì í ṣe kó máa sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ gan-an ló dára jù.

DOT 5 kò gbọ́dọ̀ bá èyíkéyìí nínú wọn pàdé. Sílíkónì àti glycol kì í pò pọ̀.

Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé kan tún wà tó jẹ́ pé DOT 4 lásán kò tó wọn. Irú DOT 4 tó ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni wọ́n fẹ́, kí ABS àti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà lè tètè ṣiṣẹ́. Àwọn oníṣẹ́ flúìdì máa ń kọ "LV" tàbí "Class 6" sí ara agolo rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ló máa sọ bóyá irú rẹ̀ ni ọkọ̀ yín ń lò.

Omi ni ọ̀tá tí kì í pariwo

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òkè Ẹfọ̀n-Aláayè. Báwo ni flúìdì tó yẹ kó fara da 205°C ṣe wá hó?

Àbùdá kan wà lára flúìdì ẹbí glycol: ó máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí iyọ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò ṣe máa ń rin, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí ìdérí ike náà tilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ọ̀rinrin á máa rọra gba inú hóòsì wọlé, díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù. Nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti máa ń tutù bíi ti Èkó, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Ẹ tún wo àwọn nọ́ńbà òkè yẹn. DOT 4 tuntun ń fara da 230°C. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè já wálẹ̀ sí 155°C. DOT 3 tuntun, tí gbogbo èèyàn rò pé ó kéré, ń fara da 205°C. Ìyẹn ni pé DOT 3 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sàn ju DOT 4 tó ti wà nínú ọkọ̀ láti ọdún mẹ́rin lọ dáadáa. Bí nọ́ńbà ṣe ṣe pàtàkì tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ orí ṣe ṣe pàtàkì.

Nígbà tí dírẹ́bà bá ń tẹ bíréèkì láìdáwọ́ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ooru dísìkì lè lé ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan lórí ìwọ̀n Celsius. Ooru yẹn á gba ara páàdì àti kálípà lọ bá flúìdì. Omi tó wà nínú rẹ̀ á hó, á di ooru onínàá bíi ti ìkòkò tó ń rú. Ooru yẹn sì ń fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ dírẹ́bà á wọlẹ̀, táyà kò ní dúró.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í fi ẹ̀rí sílẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì bá máa fi dé, bíréèkì ti tutù, ooru inú rẹ̀ ti padà di omi, pẹ́dàlì sì ti le padà. Á tẹ̀ ẹ́ wò, á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Flúìdì tó gbó ni, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ gbogbo flúìdì náà ní nǹkan bí ọdún méjì síra, àwọn mìíràn ní ọdún mẹ́ta, bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn púpọ̀. Wọn kò ní kí a máa bu kún un nìkan o. Wọ́n ní kí a fa ti àtijọ́ jáde, kí a rọ tuntun.

Kílọ́ọ̀ṣì náà ńkọ́?

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo jíà ọlọ́wọ́, flúìdì yìí kan náà ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ sí ìdí kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkọ̀ kan ní ike kékeré tirẹ̀ fún kílọ́ọ̀ṣì. Nínú àwọn mìíràn, ike kan ṣoṣo ni bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń lò, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì ti ara ike bíréèkì lọ sí ti kílọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní ike àjọlò, ẹ gbọ́ èyí: ohun tí kò yẹ tí wọ́n bá dà sí i nítorí kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì náà máa pín nínú rẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá sì ń jò, flúìdì bíréèkì ló ń lọ yẹn.

Kílọ́ọ̀ṣì máa ń tètè fi àmì hàn. Pẹ́dàlì rẹ̀ á rọ̀, tàbí kó wọlẹ̀ kó má gbéra padà. Jíà á máa le láti wọ̀, pàápàá jíà kìíní àti rìfáàsì, á sì máa han gooro. Nínú gó-síló tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ló ti máa ń hàn jù. Kí ẹ tó gbà kí wọ́n já jíà sílẹ̀ láti pààrọ̀ àwo kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo flúìdì náà, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń jò, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó ṣeé ṣe kí ìnáwó náà má tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé wáyà ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn yẹn kò ní flúìdì kílọ́ọ̀ṣì rárá. Ọkọ̀ ọ̀tọmátíìkì náà kò ní pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì inú jíà rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bíréèkì.

Níbo ni ẹ ti máa rí èyí tó yẹ ọkọ̀ yín?

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ìdérí ike bíréèkì, tó sábà máa ń wà lápá iwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sórí rẹ̀: DOT 3 tàbí DOT 4. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá náà máa sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá bára mu, ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ ìdérí ọkọ̀ mìíràn sí tiyín.

Lápapọ̀, DOT 3 ni wọ́n máa ń kọ sí ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tó wà lójú pópó wa. DOT 4 ló wọ́pọ̀ lára Mercedes-Benz, BMW àti Volkswagen. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ ọkọ̀ nìkan ra flúìdì. Ìdérí ló ń sọ òótọ́.

Àwọn díẹ̀ wà tí òfin tiwọn yàtọ̀. Àwọn Citroën àtijọ́ bíi CX, BX àti XM ń lo ọ́ìlì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní LHM, òun kan náà ló sì ń ṣiṣẹ́ bíréèkì wọn. Tiwọn ni ọ́ìlì lóòótọ́. Bí èèyàn bá da DOT 4 sí i, rọ́bà tiwọn náà á bàjẹ́. Àwọn katakata oko kan náà wà tó ń lo ọ́ìlì nínú bíréèkì. Ìdí tó fi yẹ kí èèyàn ka ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, kò yẹ kó máa méfò.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò mọ ohun tó wà nínú ike yẹn. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kó ní kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kó tó gbé e jáde lọ sọ́nà jíjìn.

Bí flúìdì bá ń lọ sílẹ̀, ẹ má kàn bù kún un

Ẹ máa rí àmì MAX àti MIN lára ike náà. Bí flúìdì bá ti sún mọ́ MIN, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni kí wọ́n da òmíràn sí i. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn. Flúìdì kì í jóná bíi pẹtiróòlù, kò sì yẹ kó máa dín kù láìnídìí.

Ìdí méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé páàdì ti jẹ tán: bí páàdì ṣe ń tín-ín-rín ni písítìn á máa jáde sí i, flúìdì á sì lọ gba àyè tó ṣí sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń jò níbì kan. Ẹ wo inú àgbá táyà, ẹ wo ilẹ̀ ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, ẹ wo ìdí pẹ́dàlì nínú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ páàdì, tí ẹ sì ti bu flúìdì kún ike náà títí dé ẹnu, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi páàdì tuntun sí i, á kún àkúnwọ́sílẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì.

Bí wọ́n bá ti da ohun tí kò yẹ sí i ńkọ́?

Bí ẹ bá tètè mọ̀, ẹ má tẹ bíréèkì rárá, ẹ má sì wa ọkọ̀ náà. Bó bá jẹ́ inú ike nìkan ló ṣì wà, mẹkáníìkì lè fà á jáde, kó fọ ike náà, kó sì rọ ojúlówó flúìdì gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi wa ọkọ̀ kiri, ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Gbogbo ohun tó ní rọ́bà nínú ni wọ́n máa pààrọ̀: master cylinder, rọ́bà inú kálípà, wheel cylinder, hóòsì, nígbà mìíràn ẹ̀rọ ABS pàápàá. Bí rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí ike náà bá ti wú, tí kò wọ àyè rẹ̀ mọ́, àmì tó dájú nìyẹn. Owó tí èèyàn rò pé òun fi pamọ́ lórí agolo kékeré kan á wá di ìnáwó ńlá.

Tí ẹ bá dé ọjà

Ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, oríṣiríṣi agolo lẹ máa bá lórí igbá. Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan wọ̀nyí:

• Ẹ ra èyí tí èdìdì ẹnu rẹ̀ kò tíì já. Ẹ má ra èyí tí wọ́n rọ sínú ike omi tàbí ike mínírà.
• Ẹ wò ó kí nọ́ńbà DOT hàn kedere, kí orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sì wà níbẹ̀. "Brake fluid" lásán láìsí nọ́ńbà kò tó.
• Ẹ ra ìwọ̀n tí ẹ máa lò. Èyí tó bá kù nínú agolo tí ẹ ti ṣí á máa fa omi mọ́ra, ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.
• Bí mẹkáníìkì bá ń bulíìdì bíréèkì, ẹ má jẹ́ kó da èyí tó fà jáde padà sínú ike.
• Kí wọ́n nu ìdérí náà kí wọ́n tó ṣí i, kí yanrìn má bàa wọlé.

Flúìdì yìí máa ń bó ọ̀dà ara ọkọ̀. Bó bá ta sí i, ẹ tètè fi omi púpọ̀ ṣàn án. Bó bá ta sí ojú èèyàn, omi náà ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Májèlé ni bí ọmọdé bá mu ún, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí wọn.

Bí bíréèkì bá wọlẹ̀ lójú ọ̀nà

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túnṣe kíákíá, ó lè gbé agbára díẹ̀ padà. Ẹ sọ jíà kalẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ rọra máa fa bíréèkì ọwọ́, ẹ má fà á lójijì. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ fun fèrè, kí àwọn ẹlòmíràn lè yà fún yín. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, nítorí síárì lè le.

Ohun tó sàn jù ni kó má débẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, ẹ fi jíà kékeré sọ̀ kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ má máa gbé lórí bíréèkì. Lọ́la, kí ẹ tó jáde, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí kékeré yẹn, kí ẹ sì bi mẹkáníìkì yín pé: "Ọ̀gá, ìgbà wo la pààrọ̀ eléyìí kẹ́yìn?" Bí kò bá rántí, tí ẹ̀yin náà kò rántí, àkókò ti tó nìyẹn.